Omi Aró Tí N Kò Tọ́ Wò

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí ọrùn mi kò tíì lè gbà ju korobá kékeré kan lọ, odò kan wà ní ẹ̀yìn ilé wa ní Òwu. Ẹ má fojú Odò Ògùn wò ó o. Odò tí àgbàlagbà lè fò kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Abẹ́ àpáta ló ti ń yọ, á gba ẹ̀yìn ilé kan dé òmíràn, á máa lọ jẹ́jẹ́ títí yóò fi bá Ògùn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ó tó wa. Ẹ̀rọ omi ìjọba wà ní oríta, lóòótọ́ ni, àmọ́ bí omi bá yọ níbẹ̀ lónìí, ó lè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó tún yọ. Odò ní tirẹ̀ kì í sọ pé ó rẹ òun.

Odò náà ní òfin tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀. Lábẹ́ àpáta gan-an, níbi tó ti ń yọ, ibẹ̀ la ti ń pọn omi mímu. Ọmọ tó bá ki ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀, ìyá yòówù tó bá rí i ló máa nà án, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìyá tirẹ̀. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ la ti ń wẹ̀, tí àwọn àgbà sì ti ń ṣe àlùwàlá. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ń fọṣọ. Ìsàlẹ̀ gbogbo wọn, níbi tí igi ọ̀pẹ kan ti tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ bu omi mu, ibẹ̀ ni tiwa, àwa ilé aláró. Ibẹ̀ la ti ń ṣan aṣọ, ibẹ̀ la sì ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìkòkò aró sí. Òfin náà dára. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀: a rò pé ibi tí òfin wa parí sí ni odò náà parí sí.

Ìyá ìyá mi ló ni ilé aláró náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti ìyá mi ń gbé, nítorí awakọ̀ ni bàbá mi, ojú ọ̀nà ló pọ̀ jù fún un. Èmi kò jókòó ní kíláàsì ju oṣù mélòó kan lọ. Ìdí ìkòkò aró ni mo ti kọ́ ohun tí mo mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí tí ẹ ń kà yìí.

Ẹlú ni ìyá àgbà fi ń ṣe aró. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ewé ni ẹlú o. Wọn á gún un, wọn á ṣù ú bí àkàrà, wọn á sá a gbẹ. Eérú la fi ń ṣe omi rẹ̀, omi á máa kán láti inú eérú tó! tó! tó! Lẹ́yìn náà a ó wá rẹ ẹlú sínú omi eérú náà, a ó bò ó, ó di ọjọ́ karùn-ún. Lọ́jọ́ karùn-ún ni ìyá àgbà á ki ìka bọ inú ìkòkò, á fi kan ahọ́n, á di ojú. Bí kò bá tíì tó, á ní, “Kò tíì sọ̀rọ̀.” Bó bá ti tó, á ní, “Ó ti dáhùn.” Kò sí aago, kò sí òṣùwọ̀n kan. Ahọ́n rẹ̀ ni.

Omi aró yìí kan náà, oògùn ni nígbà yẹn. Ọmọ tí inú bá ń run, tàbí tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ìyá rẹ̀ á gbé e wá sí ilé wa, ìyá àgbà á bu díẹ̀ sí ìgbákọ kékeré kan, á ro ó sí ọmọ náà lẹ́nu. Kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà tí kì í yẹ̀: kó tó fi sẹ́nu ọmọ, yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé, “Ohun tí o kò bá lè fi sẹ́nu ara rẹ, má fi sẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ.”

Ibi tí a ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí nìdí ọ̀pẹ yẹn, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀dá inú omi pọ̀ sí jù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí dáadáa. Akàn wà níbẹ̀ lábẹ́ òkúta. Ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ọ̀pẹ. Ẹja wẹ́wẹ́ á máa ṣa ẹsẹ̀ wa jẹ bí a bá dúró sójú kan, á sì máa rìn wá ní ìgìrìgìrì. Lámilámi á máa bà lórí omi, á tún gbéra, á tún bà. Ojú oró máa ń tutù yọ̀yọ̀ níbẹ̀. Aró ìyá àgbà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, nítorí náà kò sẹ́ni tó lérò pé aró lè pa ohunkóhun.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá lákọ̀ọ́kọ́ ni aró òyìnbó wọ ilé wa. Ìyá mi ló gbé e wá láti Ìtọ́kú, ọjà tí wọ́n ti ń ta adìrẹ, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti ń lò ó. Páúdà rẹ̀ wà nínú agolo, sódà rẹ̀ sì funfun bíi kàfúrà. Omi tútù ló bù lé sódà náà lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Ìyá àgbà fà sẹ́yìn. Ó ní, “Omi tó ń hó láìsí iná, ta ló ń bínú sí?” Ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó ṣe, ìyá àgbà na ìka, ó fẹ́ tọ́ ọ wò bó ti máa ń ṣe. Ìyá mi sáré di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í tọ́ èyí wò. Á bó yín lẹ́nu.”

“Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáhùn?”

“Aago la máa wò.”

“Ṣé aago ló máa wọ aṣọ náà ni?”

Ẹ̀rín ni gbogbo wa bú sí. Ṣùgbọ́n aṣọ tó ń gba ìyá àgbà ní ọjọ́ méje, òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá mi fi ń parí rẹ̀. Adìrẹ jáde, kàǹpálà jáde, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ osùn, àwọn oníbàárà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá àgbà ń ṣe tirẹ̀ nínú ìkòkò amọ̀ mẹ́ta lápá kan, ìyá mi ń ṣe tirẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù lápá kejì. Bó bá sì lo tirẹ̀ tán, ìdí ọ̀pẹ la ń da ìyókù sí. Ààyè aró ni, aró náà la sì ń dà síbẹ̀. Èmi ni mo ń gbé e lọ, korobá lórí korobá.

Lámilámi ló kọ́kọ́ lọ. N kò tètè fura, ta ló máa ń ka lámilámi? Lẹ́yìn náà ni àwọn akàn bẹ̀rẹ̀ sí jáde sórí ilẹ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n dúró sí etí odò bí ẹni tí onílé lé jáde. Àwa ọmọdé yọ̀. A ṣa wọ́n kún igbá, a sun wọ́n jẹ. Nígbà tó yá, ìṣáwùrú tó wà lára gbòǹgbò di ìkarahun lásán. Ojú oró pọ́n bí ewé tí iná jó. Ẹja wẹ́wẹ́ kò ṣa ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Àwọn kọ̀ǹkọ̀ tó ń ké bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n dákẹ́ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ké lókè lábẹ́ àpáta.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ya èmi lẹ́nu jù bí mo bá rántí. Àwọn ilé tuntun ti wà nísàlẹ̀ ọ̀pẹ nígbà náà, àwọn àlejò ló háyà wọn. Télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ wà lára wọn, Wásinmi ni wọ́n ti wá. Ìyàwó télọ̀ yìí ń fọṣọ nísàlẹ̀ ibi tí a ń da aró sí, ó sì ń yin odò náà. Ó ní omi ìsàlẹ̀ yìí dára púpọ̀, kì í jẹ ọṣẹ rárá, bí a bá ti fọwọ́ ra aṣọ nínú rẹ̀ ló ń yọ̀, tó ń hó. Ó sọ ọ́ títí àwọn obìnrin míì fi kúrò níbi aṣọ fífọ̀, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Sódà ìyá mi ló ń bá wọn fọṣọ. Ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí sán, wọ́n ní ọyẹ́ ni, bẹ́ẹ̀ oṣù ọyẹ́ kò tíì dé. Omi yẹn náà ni wọ́n ń gbé lọ sílé bó bá rẹ̀ wọ́n láti gun òkè lọ sábẹ́ àpáta. Àwọn ọmọ ilé ìsàlẹ̀ wá ń ya ìgbẹ́ ṣáá. Ìyá àgbà ṣe é ní oògùn títí. Ó ní ọmọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ òun ti pọ̀ jù. Ìyá mi ní ìgbà òjò ló fà á.

Ààwẹ̀ dé. Ọdún yẹn ni mo kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ láìfi ọ̀kan jẹ, ó sì ń gùn mí. Bí itọ́ bá ṣú sí mi lẹ́nu, èmi á tu ú dànù kí Ọlọ́run má baà sọ pé mo gbé nǹkan mì. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń jí omi mu, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń pè wọ́n ní alákèngbè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá àgbà lọ gbọ́ wáàsí. Ìyá mi ti gbé aṣọ lọ sí Ìtọ́kú. Kó tó lọ, ó sọ fún mi pé kí n má jẹ́ kí ewúrẹ́ dé ìdí aró. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ ti jò láàárọ̀, ó sì ti da aró òyìnbó sínú ọ̀kan lára ìkòkò mẹ́ta ìyá àgbà. Ìkòkò amọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọmọrí bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí a bá ṣí wọn, ìfófòó kan náà ló wà lórí wọn, gbogbo wọn ló ń rùn.

Ìyàwó télọ̀ ló wọlé. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ tí kò tíì ju ọdún kan àtààbọ̀ lọ, orí rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ ti jìn. Ó ní ìgbẹ́ náà kò dá láti ìjẹta. Ó bèèrè ìyá àgbà, mo ní wọ́n ti lọ síbi wáàsí.

“Jọ̀ọ́, àbúrò mi, ṣé ìwọ náà kò lè bù ú fún mi? O ti ń rí i bí wọ́n ṣe ń ṣe é.”

Inú mi dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, n kò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn pé ẹnìkan pè mí sí iṣẹ́ àgbà. Mo mú ìgbákọ kékeré ìyá àgbà. Mo ṣí ìkòkò tó sún mọ́ mi jù. Mo bù ú. Mo rántí pé ó yẹ kí n tọ́ ọ wò. Mo rántí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ mi, má fo ibẹ̀ yẹn. Mo gbé e dé ètè mi, mo wá sọ nínú ara mi pé ààwẹ̀ ni mo wà, mo sì gbé e kúrò. Mo ro ó sí ọmọ náà lẹ́nu.

Igbe tí ọmọ náà ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ sì há. Ó pọ̀ ọ́ jáde, ó ta sí ọwọ́ mi, ọwọ́ mi gbóná. Ètè rẹ̀ funfun lójú wa, ó sì ń bó. Ìyá rẹ̀ ń wò mí. Èmi náà ń wo ìgbákọ.

Ẹnìkan sáré lọ pe ìyá àgbà. Kò wọ bàtà dé ilé. Ó gba ọmọ náà, ó dojú rẹ̀ dé apá, ó ní kí wọ́n máa bu omi abẹ́ àpáta wá, ó ń ṣan ẹnu ọmọ náà, ó ń ṣan án, ó ń ṣan án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, télọ̀ náà sáré tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ọmọ náà lò níbẹ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n igun ètè rẹ̀ lápá òsì so pọ̀ mọ́ra, kò sì padà sípò mọ́.

Ọjọ́ kejì ni ìyá àgbà pè mí sí ìdí ìkòkò. Ó bi mí pé, “Ṣé o tọ́ ọ wò?”

Mo ní, “Ààwẹ̀ ni mo gbà, mà.”

Kò nà mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú, a jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí ọ̀pẹ, ìyá mi tẹ̀ lé wa. Ìyá àgbà wo omi náà títí. Ó wo ìkarahun ìṣáwùrú tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ìka bọ odò, ó fi kan ahọ́n, ó sì di ojú bó ti máa ń ṣe sí aró. Ìyá mi ní, “Ìyá, ààwẹ̀ yín!” Ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni kò rí kó jẹ ààwẹ̀ kan rí, ó jẹ ti ọjọ́ yẹn lójú wa. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó ní:

“Ààwẹ̀ ṣe é san. Ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́, kí la fẹ́ fi san án?”

Ó wá kọjú sí ìyá mi. “Ohun tó bó ẹnu ọmọ yẹn, òun náà la ti ń fún odò yìí mu láti èṣí. Odò kò lè ké ni.”

Ìyá mi sunkún. Ṣùgbọ́n ó fèsì, èsì rẹ̀ náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó ní ta ló fẹ́ máa lọ já ẹlú ní oko mọ́? Ta ló fẹ́ dúró fún aṣọ ní ọjọ́ méje nígbà tí àwọn ará Ìtọ́kú ń fẹ́ ẹ lọ́la? Bí òun bá dá a dúró, ṣé gbogbo ilé aláró tó wà ní ìlú yìí máa dá a dúró? Wọ́n wá fẹnu kò pé a kò ní dà á sí odò mọ́, a ó gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ìkòkò tí aró òyìnbó wọ̀, ó sì kó àpáàdì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìdí aró, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wọlé máa rí i.

A gbẹ́ kòtò náà. Ó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kódà mo rí akàn kan nìdí ọ̀pẹ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sáré lọ pe ìyá àgbà wá wò ó, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run bí ẹni pé ọmọ ló bí. Ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀, kòtò kún, ó ya lọ sínú odò ní òru kan, kò sẹ́ni tó ní agbára àtitún un gbẹ́. Àwọn ilé tó wà lókè wa náà bẹ̀rẹ̀ aró òyìnbó, wọn kò gbẹ́ kòtò kankan. Òfin odò wá dojú rú, àwọn kan ń da aró nítòsí abẹ́ àpáta gan-an. Ìyá àgbà kò bu omi aró fún ọmọ kankan mọ́ títí ó fi kú. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù.

Èmi ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí. Mo dàgbà, mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ìyá mi. Iṣẹ́ aró ni mo fi tọ́ bàbá ẹni tó ń kọ̀wé yìí. Mo máa ń wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kí ó má bó mi lọ́wọ́, tí mo bá sì ṣe tán, èmi náà ń dà á sí gọ́tà, gọ́tà ń gbé e lọ sí odò. Mo ní ìbọ̀wọ́, odò kò ní. Mo mọ̀, mo sì ń dà á. Ẹni tí kò mọ̀ sàn jù mí lọ.

Nísinsìnyí Adígbẹ ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi. Bọhóòlù wà nínú ọgbà, bí a bá tẹ nǹkan báyìí, omi dé. Àwọn ọmọ ilé yìí kò mọ ibi tí omi ti ń wá, wọn kò sì bèèrè. Láyé wa, ẹni tó bá ba omi jẹ́, ojú gbogbo wa ló ti ń bà á jẹ́, a mọ orúkọ rẹ̀. Lónìí, kálukú ti gbẹ́ omi tirẹ̀ sínú ọgbà tirẹ̀, odò sì di ti ẹni tí kò sí.

Láìpẹ́ yìí mo lọ síbi fídáù kan ní Òwu, mo yà lọ wo ẹ̀yìn ilé wa. Igi ọ̀pẹ ti ṣubú. Ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ dúdú, ọ̀rá àti ike ló kún inú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń fò ó kọjá pẹ̀lú ọwọ́ nímú. Obìnrin kan ń ta píọ̀ wọ́tà lẹ́bàá ibẹ̀. Ó rí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ kú àfojúbà.” Ó rẹ́rìn-ín, igun ètè rẹ̀ lápá òsì kò sì bá ìyókù rìn. Ó mọ̀ mí. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré. Ó nu omi ọ̀rá kan, ó fi fún mi, kò gba kọ́bọ̀.

Mo fi eyín já igun rẹ̀. N kò tíì gbé e mì. Mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò, mo di ojú, ó sì dúró níwájú mi, ó ń wò mí.